Mọ́ṣúárì Lára Ògiri Pálọ̀: Àlàyé Lórí Àwòrán Tí Wọ́n Fi Ásíìdì Yà

Bọ̀ọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní London ni wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Àwòrán kan ni wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù, tòun ti férémù rẹ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀: ilé àtijọ́ kan létí odò, àwọn ilé gíga tó fún mọ́ra wọn lẹ́yìn rẹ̀, èéfín tó ń rú túú lórí òrùlé. Ẹni tó tà á ti fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn férémù pé: Meryon, Paris, 1854. Meryon ni orúkọ ayàwòrán náà. Pálọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ gbé e kọ́, torí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ilé yẹn ń fani mọ́ra.

Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni pé wọ́n ti wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Metropolitan Museum ní New York ní irú rẹ̀. Art Institute ní Chicago ní in. British Museum tó wà ní London tiwọn níbẹ̀ náà ní in. Gbogbo wọn kò sì rí bákan náà: èyí dúdú ju ìyẹn lọ, bébà tibí funfun, bébà tọ̀hún pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Èwo gan-an ni ojúlówó nínú gbogbo wọn? Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?"

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ìyẹn. Mo sì ní ẹ̀kẹta tí Bọ̀ọ̀dá mi kò béèrè: ṣé wọ́n mọ irú ilé tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri?

Kí là ń pè ní àwòrán omi líle?

Irú àwòrán tí Meryon yà ni. Kì í ṣe fọ́tò. Kì í sì ṣe irú àwòrán tí ayàwòrán fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sórí aṣọ, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló máa wà láyé. Àwòrán àtẹ̀ ni. Àwòrán àtẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fín sára nǹkan líle, tí wọ́n wá fi yíńkì pa nǹkan náà lára, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Òǹtẹ̀ tí akọ̀wé ń gbá sórí ìwé ní káńsù, ìbátan rẹ̀ ni.

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe irú èyí ni eau-forte, ìyẹn omi líle. Ásíìdì ni omi líle náà. Ẹ rántí omi bátìrì tí àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe máa ń bù: tó bá ta sí ṣòkòtò lónìí, lọ́la ó ti di ihò. Ásíìdì tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà ń lò kì í ṣe èyí tó wà nínú bátìrì, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Ohun tí wọ́n bá bà lé, wọ́n á jẹ ẹ́.

Báwo ni ásíìdì ṣe ń yàwòrán?

Ẹni tó bá ti jókòó ti aládìrẹ rí, l'Abẹ́òkúta tàbí l'Òṣogbo, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Màmá á ro ẹ̀kọ láfún, á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, á fi ya ọnà sórí aṣọ funfun. Tí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, wọ́n á ri aṣọ bọ inú aró. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Ibi tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni aró máa mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ ẹ̀kọ kúrò, ọnà á sì jáde.

Dípò aṣọ, ẹ fi bàbà pẹlẹbẹ sí i, èyí tí wọ́n ti dán títí tó fi ń kọ mànà. Dípò ẹ̀kọ, ẹ fi ìda oyin tí wọ́n po mọ́ oje igi àti ọ̀dà sí i. Dípò aró, ásíìdì.

Ayàwòrán á yọ́ ìda náà sórí bàbà, á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó bò ó tán. Á wá da ojú bàbà náà délẹ̀ sórí iná àbẹ́là títí èéfín á fi sọ ìda di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà yìí ló máa mú abẹ́rẹ́. Ibi tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nìyí: abẹ́rẹ́ yẹn kì í gé bàbà rárá. Ìda nìkan ló ń ha. Ibi tó bá ha, bàbà pupa á yọjú lábẹ́ dúdú, fírí bí àwọ̀ ara tó hàn níbi tí aṣọ ti ya. Ọwọ́ ayàwòrán sì máa ń lọ geere, àfi bíi pé bírò ló mú. Iṣẹ́ onígbá fínfín ti Ọ̀yọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, agbára ọwọ́ ni ìyẹn ń fẹ́. Irú àwòrán bàbà kan wà tí wọ́n máa ń fi irin mímú gbẹ́ ní tààràtà bí igbá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Lẹ́yìn náà, bàbà á wọ inú ásíìdì. Tẹ́ẹ bá dúró tì í, ẹ ó rí i tí ìfófó wínníwínní ń hó lórí gbogbo ilà tí abẹ́rẹ́ fà. Kí ìfófó náà má bàa ba ilà jẹ́, ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi ń gbá a kúrò díẹ̀díẹ̀. (Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó so ìyẹ́ tibí yìí àti ti aládìrẹ pọ̀, síbẹ̀ inú mi máa ń dùn sí i.)

Àkókò ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí. Ilà tó bá pẹ́ nínú ásíìdì á jinlẹ̀, ilà tó jinlẹ̀ á gba yíńkì púpọ̀, yíńkì púpọ̀ á sì dúdú kirikiri lórí bébà. Nítorí náà, tí ayàwòrán bá fẹ́ kí ojú sánmọ̀ fẹ́lẹ́, á tètè yọ bàbà jáde, á fi ohun tí ásíìdì kò lè jẹ bo ilà sánmọ̀ yẹn, á sì dá ìyókù padà sínú omi. Abẹ́ afárá tó fẹ́ kó ṣókùnkùn ló máa pẹ́ jù níbẹ̀. Aláró pàápàá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan téèyàn ri aṣọ kò lè dúdú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á nu ìda kúrò, á fi yíńkì kùn bàbà náà látòkè délẹ̀, á wá fi aṣọ nù ún. Yíńkì orí rẹ̀ á kúrò, èyí tó ti há sínú ilà kò ní kúrò, bí ìdọ̀tí abẹ́ èékánná mẹkáníìkì. Wọ́n á tẹ́ bébà tí wọ́n ti fi omi rin sórí rẹ̀, wọ́n á kó méjèèjì gba àárín irin róbótó méjì tó wúwo. Bébà rírin á wọnú ilà lọ, á fa yíńkì jáde. Òdì-kejì ohun tó wà lára bàbà ló máa wà lórí bébà, bíi ti inú dígí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé wà lápá ọ̀tún nínú àwòrán gbọ́dọ̀ yà á sápá òsì.

Òṣogbo tí mo dárúkọ kò ṣàjèjì sí àwòrán títẹ̀ o. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Ru van Rossem láti ilẹ̀ Netherlands wá kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀.

Èwo wá ni ojúlówó nínú èyí tó wà ní New York, Chicago àti London?

Gbogbo wọn.

Bàbà yẹn ni ìyá, bébà ni ọmọ. Kò sí ẹni tó máa bí ọmọ mẹ́ta kó wá sọ pé ọ̀kan ni ojúlówó, méjì tó kù fọ́tòkọ́pì. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ayàwòrán ti mọ̀ pé bébà púpọ̀ ló máa jáde lára bàbà òun, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi bàbà ṣe é. Kò sí àwòrán kankan níbì kan tí wọ́n ti dà á kọ. Bàbà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àwòrán, a kì í gbé e kọ́ ògiri.

Kí ló wá dé tí wọn kò jọra? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fín bàbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń pa á ní yíńkì, ọwọ́ èèyàn ló sì ń nù ún. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè nù ún mọ́ tónítóní, ó lè fi yíńkì díẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó rí bí ìrọ̀lẹ́. Auguste Delâtre, ẹni tó tẹ púpọ̀ lára iṣẹ́ Meryon ní Paris, gbajúmọ̀ torí ọgbọ́n ọwọ́ yìí. Bébà náà lè yàtọ̀. Meryon fúnra rẹ̀ fẹ́ràn bébà àtijọ́ àti bébà kan tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bàbà sì rọ̀: bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ilà rẹ̀ ń pa rẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń mú, èyí tó jáde kẹ́yìn lè rẹ̀ bí aṣọ tó ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan ṣì kù tó ń da àwọn tó ń ra àwòrán láàmú. Ayàwòrán lè padà lọ bá bàbà lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́, kó fá ibì kan kúrò, kó fi òòlù gbá a látẹ̀yìn kó tẹ́jú, kó wá fín nǹkan mìíràn síbẹ̀. Meryon ṣe èyí débi tó fi di ọ̀rọ̀. Nínú àwòrán rẹ̀ kan tó jẹ́ ti afárá Pont-au-Change, bàlúùnù kan wà lójú sánmọ̀, wọ́n kọ "Ìrètí" sí i lára lédè Ítálì. Nígbà tó yá, ó pa bàlúùnù náà rẹ́, ó da ẹyẹ ńláńlá bíi àwòdì àti idì bo ojú sánmọ̀. Akéwì Baudelaire, tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, sọ fún un pé kò sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní Paris. Ó dá a lóhùn pé ó wà, pé àwọn ará ìjọba olú-ọba ti máa ń tú idì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wo iṣẹ́ ọjọ́ iwájú, pé ó tilẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Pont-au-Change méjì, tí ọ̀kan ní bàlúùnù tí èkejì ní ẹyẹ, ọmọ bàbà kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ta ni Meryon yìí?

Paris ni wọ́n bí Charles Meryon sí ní ọdún 1821. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀, oníjó ní ilé Opéra ni ìyá rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ sójà ojú omi ló kọ́kọ́ ṣe, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé New Zealand. Ó fẹ́ máa fi ọ̀dà kun àwòrán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í dá àwọn àwọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ síra. Dúdú àti funfun ló kù fún un, ló bá gba ìdí bàbà lọ. Láti 1850 sí 1854 ló ṣe àwòrán 22 nípa Paris, tí La Morgue, àwòrán tó wà nínú férémù Bọ̀ọ̀dá mi, wà lára wọn. Orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Charenton ní 1858, wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọdún kejì, ó padà síbẹ̀ ní 1866, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1868. Ẹni ọdún 46 ni.

Ilé wo ló wá wà nínú àwòrán?

Mọ́ṣúárì ni. Mọ́ṣúárì ìlú Paris gan-an.

Orí erékùṣù Cité tó wà láàárín odò Seine ni ilé náà wà, nítòsí afárá Saint-Michel. Ilé àwọn alápatà ni tẹ́lẹ̀. Ní 1804 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó òkú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n fà jáde nínú odò. Morgue ni àwọn Faransé ń pè é, orúkọ náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kéèyàn ranjú mọ́ ẹlòmíì ló ti wá: yàrá kan ni lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí àwọn wọ́dà ti máa ń wo ẹlẹ́wọ̀n tuntun dáadáa kí wọ́n lè máa dá ojú rẹ̀ mọ̀. Látorí ìyẹn ló di ti òkú.

Wíwò náà sì ni wọ́n ń wò wọ́n. Mọ́ṣúárì tiwa, ẹni tó bá ní òkú níbẹ̀ ló ń lọ, ìbẹ̀rù ló sì ń bá a wọlé. Ti Paris ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́. Wọ́n á tẹ́ òkú sórí òkúta mábù dúdú lẹ́yìn dígí, wọ́n á fi awọ bo ìdí rẹ̀, wọ́n á sì so aṣọ tí wọ́n bá lára rẹ̀ kọ́ sókè orí rẹ̀ bóyá ẹnìkan á dá a mọ̀. Omi tútù ni wọ́n ń jẹ́ kó máa ro sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ síbẹ̀. Èrò tó kàn fẹ́ wòran wá pọ̀ ju ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ lọ: tọkọtaya, ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ tó ń lọ jẹun ọ̀sán. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ní 1864 ni wọ́n wó ilé náà, wọ́n kọ́ tuntun sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame, ìran wíwò kò sì tán níbẹ̀. Ó di 1907 kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òǹwòran.

Ẹ wá padà sí àwòrán. Ilé, òrùlé àti èéfín lojú máa ń kọ́kọ́ bá, bí Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí ojú sọ̀ kalẹ̀ sí bèbè odò. Àwọn ọkùnrin gbé nǹkan kan tó rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Òkú ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú omi. Obìnrin kan wà nítòsí tí ara rẹ̀ ti dàrú fún ẹkún. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sí ọ̀nà mọ́ṣúárì fún wọn. Lókè, èrò ti fara ti ògiri etí odò, wọ́n ń wò wọ́n nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣèrànwọ́. Níbi odò kan náà, àwọn alágbàfọ̀ ń fọ aṣọ wọn lọ.

Bí àwọn èèyàn yẹn ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ló máa ń mú mi dúró. Gbogbo ẹkún obìnrin yẹn kò tó ìka ọwọ́ kan lórí bébà. Meryon tilẹ̀ kọ ewì kan fún àwòrán náà, ó pè é ní Ilé-èrò Ikú, ilé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ sí láìsanwó. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó bá lè máa jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ilé náà rí lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó máa ń fara balẹ̀ ya òkúta àti fèrèsé bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹlẹ́rìí lé lọ́wọ́. Kò sì fẹ́ràn irọ́ nínú ilé. Síbẹ̀, tó bá fẹ́ kí nǹkan wúwo lójú, ó máa ń fún un ní ìnà. Nínú Le Petit Pont, iṣẹ́ rẹ̀ ti 1850, ilé ìṣọ́ Notre-Dame ga ju bí ẹni tó dúró sétí omi yẹn ṣe lè rí i lọ. Ìwo ti ìsàlẹ̀ àti ìwo ti òkè ló pò pọ̀.

Ìdí míì tí àwọn èèyàn fi ń wá iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àsìkò rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ìlú ń yí padà. Ní 1853 ni Napoleon Kẹta, olú-ọba Faransé, fi Haussmann ṣe olórí àgbègbè Seine, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó àdúgbò àtijọ́ láti la títì gbọọrọ. Púpọ̀ nínú ohun tí Meryon fín kò sí lórí ilẹ̀ mọ́. Mọ́ṣúárì yìí kò lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ásíìdì mú un.

Òun gan-an kò sì bọ́ nínú ilé yẹn. Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ ìtàn ìpànìyàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà tó pè ní Rue Morgue, níbi tí ìnàkí ti pa ìyá àti ọmọ. Meryon sọ fún Baudelaire pé ó dá òun lójú pé òun ni wọ́n ń bá wí: òun ya Morgue, wọ́n sì máa ń sọ pé òun jọ ọ̀bọ. Ọdún 1841 ni ìtàn Poe jáde, nígbà tí Meryon ṣì wà nínú iṣẹ́ ojú omi, tí kò tíì fọwọ́ kan bàbà.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá tọwọ́ òun jáde lára bàbà?

Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá mi yọ ọ́ kúrò nínú férémù. Bàbà tí wọ́n fi agbára tẹ̀ máa ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ yí àwòrán ká, bébà á wọlé díẹ̀ ní ìrísí etí bàbà náà. Ilà rẹ̀ á yọ sókè wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka. Èyí tó dájú jù: tí wọ́n bá sún un mọ́ra dáadáa, ilà ló yẹ kí wọ́n rí, kì í ṣe ẹ̀kán tóótòòtó. Ẹ̀kán tóótòòtó jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bíi fọ́tò inú ìwé ìròyìn. (Àwọn àdàkọ kan wà tí wọ́n fi fọ́tò gbé sórí bàbà, ìyẹn lè tan onímọ̀ pàápàá jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ náwó ńlá, kó mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.)

Wọ́n fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ obìnrin tó ń sunkún yẹn, wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀kán ni. Ojú rẹ̀, apá rẹ̀, odò, gbogbo rẹ̀ tò tóótòòtó. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lẹ́bàá bébà.

"Pọ́n-ùn mẹ́jọ péré náà ni mo rà á," ni Bọ̀ọ̀dá mi wí. "Férémù nìkan tó bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ jìbìtì tán síbẹ̀.

Ti mọ́ṣúárì ni kò tán. Ìyàwó wọn gbọ́ gbogbo àlàyé náà látinú kíṣìnì, wọ́n sì ní òkú tí àwọn kò mọ ẹbí rẹ̀ kò ní sùn sí pálọ̀ àwọn. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ sí balùwẹ̀ ni àwòrán náà wà báyìí. Àlejò tó bá dúró wò ó máa ń sọ pé ilé yẹn mà dára o.